Bí Mo Ṣe Fi Iṣu Tuntun Kọ́ Àwọn Ọmọ Ọ̀kà ní Ẹ̀kọ́ Ahọ́n

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn wa. Ẹ ní iṣẹ́ olùkọ́ kò lérè, ẹ sì ní ẹni tó bá wá ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ló tún burú jù, torí kò sí ẹni tó ń pè é síbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ti ń jókòó. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kíláàsì kìn-ín-ní ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, títí ìjọba fi ní kí n máa lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe rí iṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san, kó lọ bi ẹlòmíràn. Mo rí iṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó nígbà tó bá wù wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ẹ̀kọ́ kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù lọ: ojú, etí, imú, ahọ́n àti ọwọ́, ọ̀nà márùn-ún tí Ọlọ́run fún wa láti fi mọ ohun tó wà láyé.

Orúkọ tí àwọn ọmọ fún mi ni Àǹtí Alápò. Mo ní àpò kan tí mo fi aṣọ fèrèsé àtijọ́ rán, kì í sì í kúrò léjìká mi. Inú rẹ̀ ni mo ń kó irú sí, àti àlùbọ́sà, ewúro, iyọ̀, ìyẹ́ adìẹ, òkúta odò, agogo kékeré kan àti ohunkóhun mìíràn tí mo bá ṣà lójú ọ̀nà. Bí mo bá wọ ọkọ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi béèrè pé ta ló gbé ẹja tó ti kú tipẹ́ wọlé. Èmi náà á máa wò yíká bí ẹni tó ń bá wọn wá ọ̀daràn. Ọkọ mi kò gbà kí àpò yẹn wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ló sì mọ ibẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ọ̀gá àwọn kíláàsì kékeré ní ilé ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ ní Ìkàrẹ́. Màmá Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà tí kì í dún ló máa ń wọ̀, kí ọmọ àti olùkọ́ má baà mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo wọ bàtà gíga lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo sì rò pé wọ́n máa gbé kíláàsì lé mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó nawọ́ sí àga àwọn ọmọdé, ó ní kí n jókòó. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ojú mi.

“Yọ ahọ́n rẹ.”

Mo yọ ọ́. Ó fi nǹkan kan sí i.

“Kí ni?”

“Iyọ̀ ni, Mà.”

“Kán-ún ni. Olùkọ́ tí kò mọ kán-ún yàtọ̀ sí iyọ̀ ló fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bọ́ bàtà yẹn, kó o lọ pọnmi.”

Mo pọnmi. Táàmù yẹn tán, mi ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí mo bá pọnmi tán, màá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, màá dijú, Màmá Ọ̀gá á sì máa bi mí: ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ta ló jẹ àkàrà wá, ọmọ wo ni kò tíì wẹ̀. Bí mo bá ṣì í, màá tún padà sídìí omi. Nígbà tó yá, mo lè fi imú mọ ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá, torí àwọn kan ń rùn fún epo pupa, àwọn kan fún gàrí, àwọn kan fún òróró ìpara. Mo ń bínú sí i nígbà náà. Mo máa ń rò ó nínú mi pé obìnrin yìí kò fẹ́ kí n gòkè.

Màmá Ọ̀gá kò gba àwòrán láàyè nínú ẹ̀kọ́ yìí. Olùkọ́ kan ya ọsàn sójú pátákó, ó kùn ún dáadáa. Màmá Ọ̀gá mú un lọ́wọ́, ó sún imú rẹ̀ mọ́ pátákó náà, ó ní, “Sọ òórùn rẹ̀ fún mi.” Ohun kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu olùkọ́, ìyẹn ni kó sọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu fún ọmọ kí ọmọ náà tó tọ́ ọ wò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé kíláàsì lé mi lọ́wọ́, inú mi dùn débi pé mo gbé ìgò oyin sókè, mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá tọ́ oyin wò, ó dùn púpọ̀.” Mi ò tíì pa ẹnu dé tí mo fi rí bàtà tí kì í dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n bọ́ síta, kí n kọjú sí ìdí igi máńgòrò, kí n gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Gbogbo àwọn ọmọ kó orí jọ sí fèrèsé. Ibi tí mo wà nìyẹn tí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi fi gun alùpùpù kọjá. Ó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, “Kí lo ṣe?”

Mo ní, “Mo sọ pé oyin dùn.”

Ó wò mí títí, ó ṣáná sí alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Ó fẹ́ mi ṣá o, ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tí mo bá bi í bóyá ó dùn, á ní òun kò fẹ́ lọ dúró sídìí máńgòrò.

Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi dárà. Ọmọ á ki ọwọ́ bọ inú àpò láìwò, á sì sọ ohun tó kàn. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí mo fi sọ ìgbín sínú àpò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó kàn án kò sọ orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó gba ojú fèrèsé jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e láì mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ní ti ẹ̀kọ́ etí, mo ní kí wọ́n dijú, kí kálukú sọ ohun tó gbọ́. Ọ̀kan gbọ́ àgbò, ọ̀kan gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ọmọbìnrin kan ní, “Àǹtí, mo gbọ́ inú yín tó ń kùn.” Kò purọ́, mi ò jẹun wá. Ẹ̀kọ́ imú ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Mo gbé irú kan wọn nímú, ọmọ Ìkàrẹ́ fi orúkọ kan pè é, ọmọ Arigidi fi èdè ilé wọn pè é, ọmọ Ṣúpárè ní àwọn méjèèjì ń ṣe wèrè, wọ́n sì kọlu ara wọn. Mo ní kí wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo wọn yínmú lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà sì parí.

Ẹ má rò pé eré lásán ni. Ọmọ kan wà tí gbogbo olùkọ́ ń pè ní olódo, tí wọ́n ti nà títí tó sú wọn. Nínú ẹ̀kọ́ etí ni mo ti rí i pé bí mo bá lu agogo lápá òsì rẹ̀, kì í yí orí. Etí yẹn kò gbọ́ nǹkan kan látìgbà tí wọ́n ti bí i. Mo gbé àga rẹ̀ sí ìhà kejì, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí yé e. Inú bí mi lọ́jọ́ náà nítorí gbogbo ẹgba tó ti jẹ, ó sì ń bí mi títí di òní.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Wọ́n gbé àwòrán ńlá tó ń dán wá, ojú kan, etí kan, imú òyìnbó kan tó gùn tó sì mú ṣóńṣó. Ọmọ kan bi mí pé kí ló ṣe ẹni yẹn nímú. Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n dé, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e ń pariwo débi pé a kò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀kọ́ etí. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù. Nígbà tí wọ́n sì gbé mi lọ sí Ọ̀kà, tí mo ti ń di àgbà, mo bá ọ̀gá ilé ìwé kan níbẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ mi kejì lọ, ọ̀dọ́kùnrin tó kàwé ní Àkùngbá. Ó níwà, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n inú fóònù ni gbogbo ayé rẹ̀ wà.

Ó ní, “Màmá, ẹ gbé àpò yìí sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ló ti wà níbí.” Ó tẹ fóònù, kìnnìún bú ramúramù. Kò sí ọmọ Ọ̀kà kan nínú kíláàsì yẹn tó pàdé kìnnìún rí, kò sì sí èyí tí mo gbàdúrà kó pàdé rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ tẹ irú fún wa ká gbóòórùn rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àpò mi.

Níbẹ̀ ni ohun tó fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìwé wa, agbolé ńlá kan wà tí ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń wá. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan iṣu tuntun títí olórí agbolé yóò fi tọ́ ọ wò, tí yóò sì sọ adùn rẹ̀ létí gbogbo ilé. Èmi, Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé, níbi tí iṣu tuntun ti kún ọjà tí ẹnikẹ́ni kò sì bi ọ́ léèrè ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Òjò ń rọ̀, táàmù kẹta ń lọ sópin, mo sì fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ahọ́n tó dára parí ọdún. Mo bọ iṣu èṣí, mo bọ iṣu tuntun, mo gé wọn wẹ́wẹ́, mo gbé wọn gun Ọ̀kà. Ọkàn mi kò tiẹ̀ lọ síbi àṣà ẹnikẹ́ni.

Mo pe ọmọ kan jáde tí ń jẹ́ Yétúndé. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì fi ahọ́n ṣeré. Mo fi gèlè mi di í lójú, mo fi iṣu èṣí sí i lẹ́nu. Ó ní, “Uṣu èṣí ni.” Bí wọ́n ṣe ń pe iṣu lókè yẹn nìyẹn. Mo fi èkejì sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e mì.

Ó ní, “Uṣu titun ni. Omi pọ̀ nínú ẹ̀. Ó dùn lẹ́yìn.”

Mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo pa á. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìdajì kíláàsì ti fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, “Àǹtí, Bàbá ò tíì tọ́ ọ wò.” Yétúndé já gèlè kúrò lójú, ó wo iṣu, ó wò mí, ó sì fi ẹkún bọnu. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tí mo wà.

Kí a tó jáde ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ ti dé agbolé. Wọ́n ránṣẹ́ pé Bàbá, olórí agbolé náà, ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wá kó gbogbo ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì, òógùn bò ó.

“Màmá, bí àwọn ọmọ yẹn bá lọ, wọ́n máa pa kíláàsì yìí dé. Àwọn tó bá kù á máa lọ sí ilé ìwé ìsàlẹ̀.”

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti dé ilé ìwé ìsàlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà á gba títì tí àwọn tírélà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láìní búréèkì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn ọmọ agbolé yẹn ní tiwọn á jókòó sílé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tíì dá mi lẹ́bi títí Bàbá á fi dé. Mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Ọkọ mi ní, “Ṣé o tún sọ pé nǹkan dùn ni?”

Bàbá dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì láti agbolé. Ó ga, ó gbẹ, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ọ̀gá wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, fóònù bọ́ lápò rẹ̀, kìnnìún sì tún bú. Bàbá sọ pé kí wọ́n pa ẹran yẹn lẹ́nu mọ́. Ó ní kí àwọn méjèèjì tó tẹ̀ lé e dúró síta, ó wọ kíláàsì mi, ó sì fojú wá Yétúndé láàárín àwọn ọmọ.

“Ìyá mi, wá.”

Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé báyìí ló ń pè é. Ìyá Bàbá kú, kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n bí ọmọ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Yétúndé. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá Bàbá, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀.

Bàbá yíjú sí mi. “Ìwọ tíṣà, kí lo fún un?”

Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀kọ́ ahọ́n ni. A máa ń di ọmọ lójú, a sì máa ń fi nǹkan sí i lẹ́nu kó sọ ohun tó jẹ́.”

“Ẹ̀kọ́ kí lèyí? Ta ni kò mọ ohun tó bá wà lẹ́nu rẹ̀?” Ó fa àga kan mọ́ra, ó jókòó. “Di ojú mi. Kí n rí ohun tí o ń fi ọmọ wa ṣe.”

Inú àwọn ọmọ dùn. Wọ́n gbàgbé pé ọ̀ràn wà nílẹ̀. Mo di í lójú, mo fi iyọ̀ sí i lẹ́nu.

Ó ní, “Ṣúgà ni.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rò pé ó ń fi wọ́n ṣeré ni. Mo wá ohun tí kò ṣeé fi ṣeré, mo já ewé ewúro, mo fi sí i lẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kò fajú ro, kò tutọ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà.

“Tẹ̀tẹ̀ ni.”

Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wọn ló ti jẹ ewúro nínú àpò yẹn rí, wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ báyẹn. Mo na ọwọ́ sí agogo, mo lù ú, mo ní kí wọ́n lọ ṣeré. Àsìkò eré kò tíì tó. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá wa níta tó ń béèrè pé ta ló lu agogo, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti kọjá lórí rẹ̀. Yétúndé nìkan ni kò lọ.

Bàbá tú gèlè náà fúnra rẹ̀. Ó ní, “Mo ṣì í, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Èwo nínú wọn?”

“Méjèèjì.”

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé àìsàn kan ló ṣe òun, nígbà tó lọ, ó gbé adùn ẹnu òun lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti di aláìmoore, torí kì í yin ọbẹ̀ mọ́. Ọdọọdún ló ń tọ́ iṣu tuntun wò níwájú gbogbo ilé, tó sì ń sọ ohun tó rántí látìgbà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ó ní, “Ọdún kan wà, iṣu tí wọ́n gbé wá korò. Mi ò mọ̀. Mo ní ó dùn bí oyin. Gbogbo ulé jẹ uṣu kíkorò títí dìgbà tó tán, wọ́n ń yìn ín fún ara wọn.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo gbé ojú wolẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ẹnu di agbolé mú, ẹnu náà sì ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju àánú ara mi lọ. Ṣùgbọ́n ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde.

“Ìyẹn ò sọ pé kí èèwọ̀ má jẹ́ èèwọ̀. Bí mo bá ní kò sí nǹkan, wọ́n á ní mo ti gọ̀. Màá kó àwọn ọmọ mi lọ.” Ó wo Yétúndé. “Ìwọ náà, ta ló ní kí o jẹun ṣáájú mi?”

Ọmọ náà ti ń sunkún bọ̀, ó nu imú, ó sì dá a lóhùn bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé.

“Ṣebí èmi ni ìyá yín.”

Bàbá tún jókòó. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ikọ́, tí mo fi ní láti máa gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó rọlẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ní, “Ìyá mi, báwo ni uṣu náà ṣe rí lẹ́nu?” Yétúndé sọ fún un, ohun kan náà tó sọ fún mi lánàá. Bàbá ní kó tún un sọ. Ó ń gbọ́, ó sì ń mi orí bí ẹni tí oúnjẹ ń wọ̀ lára.

Ó jáde lọ bá àwọn méjèèjì tó ń dúró. Ó ní ìyá òun ló kọ́kọ́ jẹun, kò sì sí ilé tí ìyá kì í ti í jẹun ṣáájú ọmọ. Ó ní kí àwọn ọmọ jókòó ti ìwé wọn títí ọjọ́ iṣu, kí agbolé wá dá ẹjọ́ náà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kùn pé Yétúndé tó wà nínú agbolé lé ní mẹ́ta, ṣé gbogbo wọn ni yóò máa jẹun ṣáájú olórí ni. Bàbá ti ń fi ọ̀pá rẹ̀ gba ọ̀nà ilé lọ. Ọ̀gá wa wá bá mi, ó ní, “Màmá, ṣé wọ́n ti dárí jì wá?” Mo ní mi ò tíì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi gbogbo ìyókù táàmù náà kọ́ wọn ní ojú àti etí, mi ò jẹ́ kí nǹkankan wọ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ iṣu wọn pé, wọ́n pè mí. Mo lọ láìgbé àpò, ara mi sì ń ṣe mí bí ẹni tó wà níhòòhò. Wọ́n fún mi ní àga lẹ́yìn àwọn obìnrin. Wọ́n gbé iṣu wá nínú àwo, èéfín ṣì ń tú lára rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan, àbúrò Bàbá, dìde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ní ilé ìwé ti ba ilé jẹ́, ó ní bí nǹkan bá máa padà sí bó ṣe wà, ọmọ kankan láti agbolé yìí kò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Àwọn púpọ̀ fọwọ́ sí i. Mo rí àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n jókòó sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Mo di etí àga mú.

Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó bù lára iṣu náà, kò fi sẹ́nu. Ó na án sí Yétúndé.

Ó ní, “Ìyá wa ló kọ́ èmi àti ìwọ ní oúnjẹ jíjẹ, ìwọ Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà wo la ti jẹun ṣáájú rẹ̀ rí?”

Ìyá àgbàlagbà náà la ẹnu, ó wo ọmọ náà, ó tún ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó jókòó.

Yétúndé jẹ iṣu náà. Kò kánjú. A ń gbọ́ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó ní, “Ó gbẹ ju ti Àǹtí lọ. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ta díẹ̀ lẹ́bàá èèpo.” Ẹni tó se iṣu náà ní òótọ́ ni, òun kò bó o dénú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Bàbá fi tirẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì gbé ohùn sókè, ó ní bí ìyá òun ṣe wí náà ló rí, kí gbogbo ilé jẹun, kí àwọn ọmọ sì padà sẹ́nu ìwé wọn. Ọkàn mi balẹ̀, mo wá mọ̀ pé ebi ń pa mí.

Wọ́n ń pín iṣu kiri, ariwo gba àgbàlá kan. Mo dìde láti lọ dúpẹ́, mo dé ẹ̀yìn àga Bàbá, kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó tún bu iṣu kan, ó fi sẹ́nu, ó dijú, ó ń jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ sílẹ̀ sí etí ọmọ náà.

Ó ní, “Ṣé ó dùn lóòótọ́?”

Yétúndé gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ó ní, “Ó dùn gan-an, ọmọ mi.”